Ọjọ́ Mọ́kànlá tí Dora Fi Parọ́ Mọ́ Oòrùn

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni Dora Adébọ̀wálé fi parọ́ mọ́ oòrùn. Kì í ṣe òpùrọ́ tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo Àyèká, bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí ọjọ́ tí òjò kan rọ̀, ọ̀dọ̀ Dora ni wọ́n máa ń lọ, ohun tó bá sì sọ fún wọn ni wọn yóò gbà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1973, oṣù tí gbogbo ayé ń pààrọ̀ owó àtijọ́ sí náírà, ẹ̀rù sọ ọ́ di òpùrọ́. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Igbodigo ni wọ́n ti bí i, sínú ilé àgbẹ̀ onígbàgbọ́ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó sì ń fún epo. Ó ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, èyí tí kì í ṣe kékeré fún ọmọbìnrin nígbà náà. Ní ọdún 1949 ó fẹ́ Ambrose, ọmọ Àyèká, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún wọn ni Ọmọ́wùmí, tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Igbotako ní àkókò tí mò ń sọ yìí.

Ní 1958 ni oko ọ̀pẹ ńlá kan nítòsí gba Ambrose síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ojú ọjọ́. Wọ́n pa pápá kékeré kan mọ́ ní ẹ̀yìn ilé tí wọ́n fún un, wọ́n fi wáyà yí i ká. Àpótí funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí ooru ti pọ̀ tó, agolo kan wà tí wọ́n fi ń wọn òjò. Lórí òpó kọnkéré ní àárín pápá náà ni ohun tí àwọn ará ìlú ń pè ní ẹyin dígí jókòó sí. Bọ́ọ̀lù dígí ni, ó tóbi tó ọsàn ńlá, ó wà nínú àwo irin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń ki káàdì tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀, tí wọ́n ti fa ìlà wákàtí sí lára. Bí oòrùn bá ń ràn, dígí náà yóò kó ìtànṣán rẹ̀ jọ sójú kan, yóò sì máa jó káàdì náà lọ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ti ń rìn. Bí ìkúùkù bá bo oòrùn, jíjó náà yóò dá. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ ọ yóò yọ káàdì, yóò ka iye wákàtí tí oòrùn fi ràn, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò sì fi káàdì tuntun sí i fún ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ogun dé Òrè ní 1967, àwọn ṣọ́jà kan tó ń kọjá yí pápá náà ká, wọ́n ní kí Dora jẹ́wọ́ irú bọ́ǹbù tí ẹyin dígí náà jẹ́. Ó ní kí ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sẹ́yìn dígí náà. Ṣọ́jà náà nà án, ó jó o, ó sì yára fà á padà.

Dora ni wọ́n bá, kì í ṣe Ambrose, nítorí pé nígbà náà ojú Ambrose ti lọ. Láti 1963 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ayé bí ẹni tó ń wo inú páìpù, títí tí páìpù náà fi dí. Dókítà sọ pé àrùn ojú ni, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ìdílé ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ní oòrùn ló gba ojú rẹ̀ nítorí pé ó ń kà á. Dora gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jà. Ó ti ń bá ọkọ rẹ̀ ka káàdì láti ọjọ́ pípẹ́, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Benedict, alábòójútó oko náà, sì dán an wò ní 1965, ó rí i pé kò sí ohun tí Ambrose mọ̀ tí kò mọ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, wọ́n sì fi ilé náà sílẹ̀ fún wọn.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Dora yóò mú káàdì ọjọ́ náà wá bá Ambrose lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ambrose yóò fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí ó ti jó, yóò dúró níbi tí ó ti dá, yóò tún máa lọ. "Wákàtí mẹ́fà àti ìdajì," ni yóò wí. Kì í sábà ṣì í. Lẹ́yìn náà ni yóò tó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1972 ni Olúyọmí dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, tó ń ṣe ìwádìí lórí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ilẹ̀ wa. Ọjọ́ méjì ló fi yẹ àwọn káàdì wò. Ó ní láti ìgbà tí Dora ti gba iṣẹ́ náà, kò sí ọjọ́ kan tó fò, àti pé òun kò tíì rí irú rẹ̀ ní ibùdó mìíràn. Inú Dora dùn débi pé ó lọ ra ẹja tútù, ó se ọbẹ̀, ó sì ro pupurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan gbẹ, fún un. Lẹ́yìn oúnjẹ ni Ambrose bi í ní ìbéèrè tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá: kí ni ó ń jó nínú oòrùn, tí kì í tán?

Olúyọmí jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí a bi í léèrè. Ó ní oòrùn kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe ìràwọ̀ kan tó sún mọ́ wa. Eruku àti afẹ́fẹ́ ló kóra jọ lójú òfuurufú, tí ìwúwo ara rẹ̀ tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi gbaná, iná tí kì í ṣe ti igi. Ó ní àwọn olùwádìí kò lè jókòó ti ìràwọ̀ kan títí yóò fi gbó, nítorí náà wọ́n ń ṣe bí àlejò tó wọ ìlú kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àlejò náà rí ọmọ ọwọ́, ó rí ọ̀dọ́, ó rí arúgbó, ó sì mọ bí ènìyàn ti ń dàgbà láìdúró wò ó fún ọdún púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ pé oòrùn ti lo nǹkan bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ìkẹyìn yóò wú, yóò pọ́n, ó lè gbé àwọn ayé tó wà nítòsí rẹ̀ mì, lẹ́yìn náà yóò sún kì, yóò dà bí ẹyin iná funfun tó ń tutù lọ.

Dora ní èyí kò dẹ́rù ba òun. Iye ọdún tí ọmọ náà dárúkọ pọ̀ ju ohun tí ọkàn ènìyàn lè gbé lọ. Èyí tó tẹ̀lé e ló wọ̀ ọ́ lára.

Olúyọmí ní nínú ihò kan tí wọ́n ti ń wa wúrà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jìnnà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, àwọn kan gbé àgbá ràgàjì kan sí, wọ́n fi oògùn olómi tí àwọn alágbàfọ̀ ńlá fi ń fọ aṣọ láìlo omi kún un. Ohun kan ni wọ́n ń dẹ níbẹ̀, nǹkan tíntín tó ń jáde láti àárín gbùngbùn oòrùn, tó ń gba inú òkè àti inú ara ènìyàn kọjá láìdúró. Ìmọ́lẹ̀ ń pẹ́ kó tó jáde láti inú oòrùn, àìmọye ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n nǹkan tíntín yìí ń jáde lójú ẹsẹ̀. Òun nìkan ló lè sọ bí àárín oòrùn ti rí lónìí. Láti ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń dẹ ẹ́, èyí tí wọ́n ń rí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó yẹ kí wọ́n rí.

"Ẹnìkan nínú àwọn àgbà wọn kọ ọ́ lọ́dún yìí pé bóyá iná àárín náà ti lọ sílẹ̀," ni Olúyọmí wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Pé ìta nìkan ló ṣì ń mọ́lẹ̀, tí a kò tíì mọ̀."

Ó di ẹrù rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò mọ ohun tó fi sílẹ̀.

Dora bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ó rò ó nígbà tó ń ro oko, ó rò ó nínú ìsìn. Bí iná inú bá ti kú, tí ìmọ́lẹ̀ ìta sì ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó mọ̀, ta ló mọ ìgbà tí ó kú? Olúyọmí sọ ọ́ bí ẹni pé ìròyìn náà ṣì kù sẹ́yìn. Bóyá ó ti pẹ́ tó ti kú. Bóyá àkókò tí ìròyìn yóò dé ọ̀dọ̀ wa gan-an ni a wà yìí. Ó fẹ́ kọ̀wé bi ọmọ náà, ojú tì í. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó rí i pé Ambrose náà ti dákẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n kò bi í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ kì í pẹ́ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, igbó àti omi kì í jẹ́ kó ráyè. Ti ọdún yẹn kò gbọ́ ti igbó. Eruku wọlé láti àríwá, ó bo imọ̀ ọ̀pẹ, ó bo ojú omi, àwọn ewúrẹ́ ń wúkọ́. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn á funfun bí àwo, ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Káàdì tó yẹ kó jó fún wákàtí márùn-ún jó fún mẹ́ta, ó di méjì, ó di ọ̀kan. Dora kó àwọn káàdì oṣù kejìlá ọdún méje jáde, ó tò wọ́n sílẹ̀. Kò sí ọdún tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní àyà òun ń já bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn tó jẹrà.

Ó lọ sí Igbodigo lọ bá Agatha, àbúrò rẹ̀. Agatha ń yí pupurú, ó ń tò wọ́n sórí àjà iná láti yan. Dora sọ gbogbo rẹ̀ fún un: oòrùn tó ń gbó, àgbá tó wà lábẹ́ ilẹ̀, àwọn káàdì. Agatha kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ta ni ẹ tún sọ fún?" ló bi í.

Dora ní kò sí ẹlòmíràn. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, gbogbo ìjọ Àdúrà ti Àyèká ti gbọ́ pé Dora oníkáàdì ní oòrùn ń kú.

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, aṣáájú ìjọ náà, wá sí pápá náà fúnra rẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní kí Dora fi àwọn káàdì náà han òun. Ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, ó sì béèrè bóyá dígí náà dọ̀tí. Dora ní òwúrọ̀ òwúrọ̀ ni òun ń nù ún. Ìyá náà mi orí, ó kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó wàásù nípa ọjọ́ ìkẹyìn. Àkókò tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣán oko tuntun nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan fi àdá wọn kọ́. Adéjọbí, tí oko rẹ̀ fẹ̀ jù lọ nínú ìjọ náà, sọ ní gbangba pé òun kò lè bẹ́ igi nítorí èso tí oòrùn kò ní í mú pọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ènìyàn ń dúró sẹ́yìn wáyà láti gbọ́ ohun tí káàdì sọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, Dora yọ káàdì jáde, kò sí ojú ibi tó jó kankan lára rẹ̀. Ó yí i padà, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó gbé e fún Ambrose. Ambrose tọ̀ ọ́ láti òpin kan dé èkejì, ó tún un tọ̀.

"Ṣé o rántí fi èyí sí i lánàá?"

"Mo fi sí i."

Ambrose na káàdì náà padà fún un, ó sì ní ebi kò pa òun. Ọjọ́ kejì rí bákan náà, àti ọjọ́ kẹta. Láti ọjọ́ kẹta, Ambrose kò jẹ ju àkàṣù ẹ̀kọ kan lọ. Àwọn tó dúró sẹ́yìn wáyà rí ojú Dora, obìnrin kan láàárín wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Dora ní ẹkún jẹ́jẹ́ yẹn ló ba òun lẹ́rù jù.

Ní ọjọ́ kẹrin, kí àwọn ènìyàn tó dé, ó yọ káàdì. Òfìfo ni. Ó wọ ilé ìdáná, ó mú abẹ́rẹ́ ńlá tí ó fi ń rán àpò, ó tì í bọ ẹyin iná títí ó fi pọ́n. Ó fà á lórí káàdì náà láti agogo mẹ́wàá dé agogo méjì ààbọ̀. Nígbà tó jáde, ó sọ fún àwọn ènìyàn pé oòrùn ràn fún wákàtí mẹ́rin àti ìdajì. Wọ́n yin Ọlọ́run. Ambrose tọ ojú ibi tó jó, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó tún un tọ̀, ó ní, "Mẹ́rin àti ìdajì." Ó jẹun.

Dora rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì àwọn ènìyàn tún wá, ebi sì tún pa Ambrose. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jó káàdì lójoojúmọ́. Ohun tó sọ fún mi ni pé irọ́ náà kò dín ẹ̀rù òun kù, ńṣe ló sọ ọ́ di ti òun nìkan. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìlú ń bẹ̀rù pẹ̀lú rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti ń sùn, òun nìkan ló mọ̀ pé káàdì ṣófo. Ó máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí ìlà oòrùn, kò ní mí dáadáa títí tí ojú ọ̀run yóò fi là. Nígbà mìíràn, ìlà oòrùn máa ń pẹ́ kó tó là nínú eruku, á sì máa ka ìṣẹ́jú.

Ní nǹkan bí ọjọ́ keje, ó yọ káàdì, ó rí okùn pupa rúsúrúsú kan lára rẹ̀, tó kéré ju ìka lọ. Oòrùn ló jó o. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ jó káàdì tó bẹ́ẹ̀ débi pé kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá bí ti ìyókù.

Ọjọ́ kọkànlá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ti ti ilé ìsìn dé, Ambrose jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ̀ ọ́, kò ka wákàtí kankan. Ó gbé e sórí orúnkún rẹ̀.

"Ìyá Ọmọ́wùmí, oòrùn kọ́ ló jó èyí."

Dora na ọwọ́ sí káàdì náà, Ambrose dì í mú.

"Oòrùn òwúrọ̀ kì í lágbára. Jíjó rẹ̀ kì í jinlẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ni í tó jinlẹ̀. Èyí jinlẹ̀ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irin ni."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni ó wí. "Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́."

Dora jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ náà títí ó fi tutù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ambrose ní kó kọ̀wé sí ọmọ Ìbàdàn náà kó sì sọ òtítọ́ fún un. Dora ní òun yóò kọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò jó káàdì mọ́, bó bá ṣófo a gbé e bẹ́ẹ̀ fún Ambrose. Ṣùgbọ́n kò kọ lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún àwọn tó ń dúró sẹ́yìn wáyà pé òun ti parọ́. Bí ó bá jẹ́wọ́, Ọ̀gbẹ́ni Benedict lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé a sì bá iṣẹ́ lọ. Níbo ni òun yóò mú afọ́jú lọ?

Ní àárín oṣù kẹta ni òjò kìíní rọ̀, òjò ńlá tó fọ imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ tónítóní. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ojú ọ̀run mọ́, káàdì jó fún wákàtí méje. Dora mú un lọ́wọ́, ó rí bí ojú rẹ̀ ti tinrin ní ìbẹ̀rẹ̀, tó jinlẹ̀ ní àárín, tó tún tinrin ní òpin. Ó wá hàn sí i kedere pé òun lè dákẹ́ báyìí, pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Ìyẹn tún jẹ́ ẹ̀rù mìíràn. Ó kọ lẹ́tà náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Olúyọmí dé. Kò jókòó kó tó ní kí wọ́n gbé àwọn káàdì mọ́kànlá náà wá. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó wò wọ́n, ojú rẹ̀ le. Ó ní ní gbogbo ibùdó tó kù, káàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ó ní nítorí iye wákàtí tí Dora fi ránṣẹ́, òun ti fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé òun pé eruku náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn, òun sì ti ń wá ìdí rẹ̀.

"Ṣé gbogbo ọjọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ṣófo, Mà?"

"Rárá. Méjì tàbí mẹ́ta jó díẹ̀. Mo jó orí wọn kọjá."

"Èwo ni?"

"Mi ò mọ̀ mọ́."

Olúyọmí fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí ọjọ́ mọ́kànlá náà nínú ìwé, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kò sí àkọsílẹ̀. Dora ní ìlà yẹn dun òun ju èébú lọ. Lẹ́yìn náà ni Olúyọmí tó bi í léèrè ìdí tó fi ṣe é. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Ambrose sì jókòó tì í. Bí ó ti ń sọ ọ́, ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń yí padà. Ó ní eruku ló pa káàdì, kì í ṣe oòrùn. Òjò ti kọ̀ láti rọ̀ ní àríwá láti ọdún mélòó kan, ilẹ̀ ti gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e wá. Ó sì dọ̀bálẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ó ní òun ló kó ẹ̀rù wọ ilé wọn.

"Ọ̀rọ̀ ihò wúrà yẹn ńkọ́?" ni Dora bi í. "Ṣé wọ́n ti rí ìyókù?"

"Wọn ò tíì rí i, Mà."

"Ṣé iná inú rẹ̀ ti kú ni?"

"Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ fún yín. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀."

Dora dìde ní ìsìn ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó sọ ohun tó ṣe fún ìjọ. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún gbàdúrà fún un, kò bá a wí. Adéjọbí ní tirẹ̀ bọ́ síta kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ Dora pé oòrùn ń kú, kò ṣán oko lọ́dún yẹn, òjò ti bá a lójijì, ó sì di kó máa kọ ẹyìn ní oko ọ̀pẹ fún ọdún kan gbáko láti bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Dora ní kò kí òun mọ́ títí ó fi kú. Ọ̀gbẹ́ni Benedict kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún un, ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó máa ń jẹ́wọ́.

Ní oṣù kẹfà, lẹ́tà dé láti Ìbàdàn. Olúyọmí ní ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà, òṣùpá yóò gba iwájú oòrùn kọjá ní ọ̀sán, yóò sì bo púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní òun kò ní lè wá, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí Dora dúró ti káàdì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó má sì fi ojú wo oòrùn rárá. Ó kọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ pé bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó fi í sílẹ̀, pé òun kò ní bínú.

Rédíò ti sọ ọ́, gbogbo ìlú sì mọ̀. Ní ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn ti ilẹ̀kùn, wọ́n so ẹran mọ́lẹ̀. Ìjọ Àdúrà kóra jọ sínú ilé ìsìn láti òwúrọ̀. Agatha wá láti Igbodigo wá mú Dora lọ síbẹ̀, ó fà á lọ́wọ́. Dora já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ní bí Agatha bá tún fa òun lẹ́ẹ̀kejì, òun ì bá tẹ̀ lé e.

Ojú ọ̀run ní ìkúùkù díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, dígí ṣì ń jó káàdì dáadáa. Lẹ́yìn náà èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń rú níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yí padà, kì í ṣe bí ti ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe bí ti ọyẹ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi omi là á. Afẹ́fẹ́ tutù. Nígbà tó wo abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, gbogbo ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó ń gba àárín ewé bọ́ sílẹ̀ ti tẹ̀, ọgọ́rùn-ún wọn, bí èékánná tí wọ́n gé dà sílẹ̀. Ó fẹ́ sá. Orin àwọn ará ìjọ ń bọ̀ láti òkèèrè, àkùkọ kan kọ. Kété lẹ́yìn agogo méjìlá, káàdì kò jó mọ́.

Ó kọ ọ́: kò jó. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò jó. Ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn, kò jó. Ó ní gbogbo ohun tó ti rò ní oṣù kìíní padà wá bá òun lẹ́ẹ̀kan náà, òun kò sì gbàgbọ́ mọ́ pé òṣùpá ni. Ṣùgbọ́n ó ń kọ.

Ó gbọ́ ọ̀pá Ambrose lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó fà á wá, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló tọ̀ dé ẹnu wáyà. Ó dúró, ó gbé ojú sókè, ojú tí kò rí nǹkan kan.

"Ó ń padà," ni ó wí.

"Káàdì kò tíì jó."

"Ó ń padà. Mo gbọ́ ọ lára."

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, èéfín rú lẹ́yìn dígí.

Dora fi káàdì náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìwé tó kọ, ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́ bí ti ọmọdé ní àárín. Olúyọmí dá èsì padà pé ó wúlò. Iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ Dora títí di ìparí 1974, nígbà tí wọ́n kó àwọn irinṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn tí Ọmọ́wùmí sì wá kó àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Igbotako. Ẹ̀rù náà kò fi í sílẹ̀ tán. Bí ọyẹ́ bá ti ń wọlé lọ́dọọdún, kì í sùn dáadáa. Ó máa ń bi Olúyọmí nínú lẹ́tà bóyá wọ́n ti rí ìyókù nǹkan tí wọ́n ń dẹ nínú ihò wúrà náà, ọmọ náà a sì dáhùn pé wọn kò tíì rí i. Nígbà tó yá, kò bi í mọ́. Ó ní òun mọ̀ pé bí wọ́n bá rí i, yóò kọ̀wé.